Olóyè Adékẹ́yìn-Jókòó-Síwájú àti Bọ́ọ̀sì Ìgèdè

Ní ìgbà kan tí ó jìnnà réré, tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà ẹnikẹ́ni, ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Bí ẹnìkan nínú yín bá rò pé ìgbà náà jọ àná, kí ó dákun fi èrò náà sí ikùn ara rẹ̀. Àgbà tí ó bá ń pa ìtàn olóyè tí ó ṣì wà láàyè, ó yẹ kí ó gbé ìtàn náà jìnnà díẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ní ìgbà láéláé náà, fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà, ọ̀dà ti wà lójú títì Adó-Èkìtì, ṣùgbọ́n mọ́tò tí yóò gbé ènìyàn láti Ìgèdè dé Adó kò tíì mọ ohun tí ń jẹ́ agogo.

Àga ni mọ́tò wọn ń kà, kì í ka wákàtí. Bí àga bá kún ní aago mẹ́fà, ó gbéra ní aago mẹ́fà. Bí ó bá di ìgbà tí oòrùn dúró sí àárín orí kí àga tó kún, ìgbà náà ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ lójú dírẹ́bà. Èrò yóò jókòó, yóò gbé àpò lé itan, yóò máa wo ẹnu gáréèjì bí ẹni tí ń retí àna. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi, wọn a ní, “Ẹ má lọ o, ẹnìkan péré ló kù.” Ẹnìkan péré náà lè má dé títí di ọ̀sán.

Obìnrin aránṣọ kan wà ní Ìgèdè tí ń jẹ́ Khadeejah. Qanitah ni ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, nítorí náà Ìyá Qanitah ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Nọ́fíù gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ rẹ̀. Ojú ọ̀tún Nọ́fíù ti fọ́, ojú òsì sì ń múra láti tẹ̀lé e. Dókítà tí ń tọ́jú ojú ní Adó ti wò ó, ó ní, “Iṣẹ́ kékeré ni. Bí a bá tètè ṣe é, ẹ ó máa ríran. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí òjò ọdún yìí wọlé tán kí a tó ṣe é, mi ò ṣèlérí.” Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni dókítà náà ń wá. Ogún ènìyàn ni wọ́n ń fún ní nọ́ńbà, nọ́ńbà a sì tán kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Ìṣẹ́gun mẹ́rin ni tọkọtaya náà ti jókòó sínú mọ́tò láti ìdájí, Ìṣẹ́gun mẹ́rin náà ni wọ́n dé Adó tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n gun ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan, eruku sì kó sí ojú kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi gbé ọwọ́ lé orí. Ó ní kí wọ́n má dán irú rẹ̀ wò mọ́.

Ojú Nọ́fíù nìyẹn. Ẹ fi í pamọ́ sọ́kàn, kí n lọ pe olóyè wá.

Olóyè Ọlátúndé, ọmọ bíbí Ìgèdè, ni ìjọba fi ṣe Alága Àjọ Ìrìnnà Ìrọ̀rùn, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ará ìlú lè máa rí mọ́tò wọ̀. Ọkùnrin náà sanra, ó dúdú, ó ń dán bí ilẹ̀kùn tuntun. Agbádá rẹ̀ nìkan gba àga kan àti ààbọ̀. Oyè méje ni ó fi jẹ ara rẹ̀, nítorí kò sí ọba kan tí ó rántí láti fi í jẹ wọ́n: Bàbá Táyà, Ọkọ Ẹ́ńjìnnì, Apàṣẹ-Fún-Títì, Òjìji-Bọ́ọ̀sì-Tí-Ń-Bo-Ìlú, Afẹsẹ̀kan-Dé-Ibi-Gbogbo, Ọ̀nà-Kò-Gbọdọ̀-Yà-Láìbéèrè, àti èyí tí ó fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, Adékẹ́yìn-Jókòó-Síwájú.

Ó nídìí tí ó fi fẹ́ràn ìkeje. Olóyè gbàgbọ́ pé ẹni tí ó bá dé ibi ayẹyẹ lákọ̀ọ́kọ́, ìránṣẹ́ ni, àwọn tí ó dé láàárín, ará ìlú lásán ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé kẹ́yìn pátápátá, tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ dákẹ́ fún, tí àwọn tí ó jókòó dìde fún, tí wọ́n lé ẹlòmíràn kúrò lórí àga iwájú nítorí rẹ̀, òun ni ènìyàn. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, wọ́n ti ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ kí ó tó dé. Nígbà tí wọ́n sin baba ìyàwó rẹ̀, sàréè ti dí kí ó tó yọ, ó sì ní kí wọ́n dákun tún un gbẹ́ kí òun lè da erùpẹ̀ tòun.

Akọ̀wé rẹ̀ ni Olúwọlé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú nítorí ìforíbalẹ̀. Bí Olóyè bá húkọ́, Olúwọlé a ní, “Ọ̀rọ̀ ńlá ni Olóyè sọ yẹn.” Bí Olóyè bá sùn lọ nídìí tábìlì, Olúwọlé a gbé ìka lé ètè, a ní, “Wọ́n ń ronú nípa ìlú.” Ìlú náà sì ń rí ìrònú rere nígbà náà, nítorí Olóyè a máa sùn dáadáa.

Ìjọba kó bọ́ọ̀sì tuntun mẹ́fà fún àjọ yìí, aláàga méjìdínlógún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ni Olóyè fi tapólì bò mọ́lẹ̀ nínú ọgbà kan nítòsí Fájuyì ní Adó, ó ní wọn kò lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ títí di ọjọ́ tí òun yóò ṣí wọn pẹ̀lú ayẹyẹ. Ọ̀kan ni ó yọ̀ǹda kí ó máa ná ọ̀nà Ìgèdè sí Adó, fún àdánwò. Inú ará Ìgèdè dùn. Wọ́n ní, “Mọ́tò ìjọba dé, ìdúró parí.” Wọn kò tíì ka òfin tí Olóyè lẹ̀ mọ́ ara bọ́ọ̀sì náà.

Òfin àkọ́kọ́ sọ pé bọ́ọ̀sì náà kò gbọdọ̀ gbéra bí àga méjìdínlógún kò bá kún. Olóyè ní bọ́ọ̀sì tí àga ṣófo nínú rẹ̀ dà bí ẹnu tí eyín ká, ó ń dín iyì Alága kù. Òfin kejì ní orí kan, àga kan. Oníṣòwò kan láti Ọjà Ọba ti sanwó àga mẹ́ta rí kí mọ́tò lè tètè lọ, àwọn èrò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ju bí wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága lọ, èyí tí kò ṣeé gbà. Òfin kẹta pa á láṣẹ pé kí dírẹ́bà dìde dúró, kí ó ka oyè Alága méjèèje tán, kí ó tó ṣáná sí mọ́tò. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òǹtẹ̀ pupa: “Kò sí ẹni tí ó lè yí òfin yìí padà, àní èmi Alága pàápàá, àfi bí ìgbìmọ̀ bá jókòó.” Ìgbìmọ̀ náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò jókòó rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àga rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá.

Akínbọ́lá ni dírẹ́bà àkọ́kọ́. Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun kan, èrò mẹ́tàdínlógún ti wọlé, ó ku ẹyọ kan. Nọ́fíù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ bo ojú rẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ti ń sún mọ́lé.

Khadeejah tẹ̀ síwájú, ó ní, “Bùọ̀dá Akínbọ́lá, ẹ dákun. Bí a bá kúrò báyìí, a ó bá nọ́ńbà.”

“Ìyá Qanitah, ẹ ti mọ òfin ọ̀gá.”

Nọ́fíù kò ṣí aṣọ lójú. Ó ní, “Má dà á láàmú, Khadeejah. Bí wọ́n bá ń lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí wa, ojú náà kò ní wúlò fún mi.”

Bóyá ọ̀rọ̀ yìí ni, bóyá àánú ni, Akínbọ́lá ka oyè méjèèje bí ẹni tí ń sáré nínú òjò, ó sì gbéra. Ní Ìyìn, ìlú tí ó wà láàárín ọ̀nà, àwọn ẹ̀ṣọ́ Alága dá a dúró. Wọ́n kà. Wọ́n tún un kà. Wọ́n rí àga kan tí ó ṣófo. Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Wọ́n ní kí bọ́ọ̀sì náà padà sí Ìgèdè lọ mú ẹnìkejìdínlógún wá! Wọ́n padà. Aago mẹ́sàn-án lù kí wọ́n tó rí ìyá arúgbó kan tí kò tilẹ̀ ń lọ ibì kankan, tí ó ní òun kàn fẹ́ mọ bí inú bọ́ọ̀sì náà ṣe tutù sí. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fún Akínbọ́lá ní ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́. Ohun tí wọ́n kọ síwájú “ẹ̀ṣẹ̀” ni: àga kan. Wọ́n fi ọkùnrin Adó kan tí ń jẹ́ Abdulafeez rọ́pò rẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ tí ó mọ òfin náà sórí bí ẹni mọ súrà.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ìwé dé láti ọ̀dọ̀ ìjọba pé kí àjọ náà kọ́ àwọn aṣíwájú ìlú, kí wọ́n lè máa fi ẹnu ara wọn sọ irú ìrìnnà tí ìlú wọn fẹ́. Ìwé náà ní ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ni kí ó máa sọ ibi tí ó ti ń ta á. Olóyè ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yé e báyìí pé: kí òun kọ́ àwọn ènìyàn bí wọn yóò ṣe máa yin òun.

Ó yá gbọ̀ngàn kan ní Ìgèdè, ó kó ènìyàn mẹ́tàdínlógún jọ, ará Ìgèdè àti ti àwọn abà tí ó yí i ká. Khadeejah wà níbẹ̀. Ìyá Àyọ̀kẹ́ wà níbẹ̀, ìyá Àládùúrà tí ń ṣe gàrí, tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ sì lọ báyìí: wọ́n pè wọ́n fún aago mẹ́sàn-án, Olóyè dé ní aago kan.

Ó dúró, ó gbọn agbádá, ó ní, “Ẹ̀yin ìpìlẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́ ara mi lé! Kí ni ìrìnnà? Ìrìnnà ni kí ènìyàn kúrò níbi tí kò sí mi, kí ó wá síbi tí mo wà. Ta ni aṣíwájú? Aṣíwájú ni ẹni tí ó mọ ẹni tí ó wà níwájú òun. Ẹ wò mí dáadáa. Ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.”

Olúwọlé pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ oyè méje. Olóyè jókòó ní òpin gbọ̀ngàn, ó ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan dúró ní òpin kejì kí ó ké e sókè. “Ohùn yín kò jáde! Ẹ fi ikùn ké e! Mo fẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ ní Ìyìn!” Wọ́n ké e títí ewúrẹ́ fi sá kúrò ní àgbàlá. Ẹni tí kò lè dáhùn nínú ìpàdé rí, ohùn rẹ̀ di agogo.

Ìyá Àyọ̀kẹ́ sọ lábẹ́lẹ̀ fún Khadeejah pé, “Uṣẹ́ yìí le o. Èmi tí mo pe Olúwa mi fún ogójì ọdún, n kò pariwo tó báyìí fún Un rí.”

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Olóyè fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí ẹnìkọ̀ọ̀kan máa jókòó sí gáréèjì ní òwúrọ̀, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá dúpẹ́ lọ́wọ́ Alága àti wákàtí tí ó dúpẹ́ náà sílẹ̀.

Khadeejah kò ní ìwé mìíràn ju ìwé ìwọnṣọ rẹ̀ lọ, ìwé tí ó ń kọ àyà àti ìbàdí àwọn oníbàárà sí. Ó gbé e lọ sí gáréèjì. Ó jókòó láti ìdájí. Ẹnìkan kò dúpẹ́. Ó tún lọ ní ọjọ́ kejì, ẹnìkan kò dúpẹ́. Aránṣọ kì í jẹ́ kí ojú ewé ṣófo. Nígbà tí kò rí ọpẹ́ kọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ó rí: ìgbà tí ènìyàn dé, ìgbà tí mọ́tò gbéra, ibi tí onítọ̀hún ń lọ, àti ohun tí ó bá níbẹ̀. Ìwọ̀n aṣọ wà ní ojú ewé òsì, ìdúró àwọn ènìyàn wà ní ojú ewé ọ̀tún. Àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù rí i, wọ́n ní, “Èyí gan-an ló dára,” wọ́n sì ń wá sọ tiwọn fún un kí ó lè kọ ọ́ mọ́ ọn. Òun náà kọ Ìṣẹ́gun márààrún tí òun àti Nọ́fíù ti pàdánù sí i.

Ojú òjò ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nígbà tí Olóyè kéde ọjọ́ ayẹyẹ: Ajé, aago mẹ́wàá, ní pápá ìṣeré Ìgèdè. Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ ni ìjọba fẹ́ rán wá. Obìnrin náà ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, òun ni ìjọba sì fún láṣẹ láti yẹ iṣẹ́ wò, kí ó gbé ẹni tí ó bá yẹ lékè, kí ó sì dá ẹni tí kò bá yẹ dúró. Wọ́n ní obìnrin yìí kì í pẹ́ dé ibikíbi. Olóyè rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́. Ó ní, “Ó dára bẹ́ẹ̀. Yóò ti jókòó kí n tó wọlé. Yóò dìde fún mi.”

Ó wá la ètò sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì yóò gbé òun láti Fájuyì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún yóò wà nínú rẹ̀, òun ni yóò ṣe ìkejìdínlógún. Wọn yóò wọ Ìgèdè ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn yóò máa ké oyè bọ̀. Gbogbo jíìpù àjọ yóò ti ṣáájú lọ tò sí pápá, kí wọ́n lè fọn fèrè bí òun bá yọ. Ọ̀kadà kankan kò sì gbọdọ̀ ná ọ̀nà náà ní ọjọ́ yẹn, kí eruku má ba à ta sí agbádá.

Khadeejah nawọ́. “Olóyè, ẹ má bínú. Ìgèdè ni gbogbo wa ń gbé. Ta ni yóò gbé wa lọ sí Adó, kí ẹ lè gbé wa padà wá sí Ìgèdè?”

Olóyè wò ó bí ẹni wo ọmọdé. “Obìnrin yìí, ẹ̀kọ́ ìrìnnà ni o ń kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lò ó.”

Ọjọ́ pé. Ní òwúrọ̀ Ajé, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàdínlógún dé gáréèjì Ìgèdè ní aago mẹ́fà. Ọ̀kadà kò sí, Olóyè ti lé wọn. Bọ́ọ̀sì kò sí, ó wà ní Fájuyì, ó ń dúró de Olóyè. Àwọn oní-mọ́tò kéékèèké náà gbọ́ pé Alága ń bọ̀, wọ́n ti sá wọlé. Wọ́n dúró títí di aago mẹ́sàn-án. Ìyá Àyọ̀kẹ́ jókòó lórí òkúta, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí á máa lọ sí pápá jàre. Ẹni tí ó ní kí á wá kò fi ọ̀nà sílẹ̀.”

Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ní wákàtí kan náà, Olóyè ń gòkè wọ bọ́ọ̀sì ní Fájuyì. Ó rí àga, kò rí ènìyàn. Ó jókòó síwájú. “Dírẹ́bà, máa lọ.”

Abdulafeez yíjú padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Ẹ káàárọ̀, sà. Ó ku mẹ́tàdínlógún.”

“Ṣé o mọ̀ mí?”

“Mo mọ̀ yín dáadáa, sà. Mo mọ gbogbo orúkọ yín. Ó ku mẹ́tàdínlógún.”

“Màá san ti gbogbo wọn!”

“Orí kan, àga kan, sà. Bí a bá tilẹ̀ ka agbádá mọ́ ọn, kò ní ju méjì lọ.”

“Èmi Alága ni mo pàṣẹ!”

Abdulafeez na ìka sí òǹtẹ̀ pupa. “‘Àní èmi Alága pàápàá.’ Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Bùọ̀dá Akínbọ́lá fi àga kan ṣoṣo sílẹ̀, ẹ lé e. Èmi ni kí n wá fi mẹ́tàdínlógún sílẹ̀? Sà, mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ.”

Olóyè pe jíìpù lórí fóònù. Àwọn jíìpù wà ní pápá Ìgèdè, wọ́n ń fi fèrè dánra wò gẹ́gẹ́ bí ó ti pàṣẹ, ẹnìkan kò gbọ́ fóònù. Ó wá ọ̀kadà. Ọlọ́kadà kan dúró lókèèrè, ó ní, “Ìgèdè kẹ̀? Alága ní kí á má dé ọ̀hún lónìí o, wọn yóò gba ọ̀kadà mi.” Ó sì sá lọ.

Nígbà tí aago mọ́kànlá kọjá, Bàbá Táyà sọ̀ kalẹ̀ láti lọ pe èrò. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó gbé ọwọ́ sókè: “Ẹ̀yin ará ìlú ọ̀wọ́n, ó jẹ́ ayọ̀ ńlá fún mi, ní ọjọ́ olókìkí yìí, láti pè yín sínú ọkọ̀ ìtura...”

Obìnrin aláta kan tí ó ń bọ̀ láti Ọjà Ọba sọ ẹrù kalẹ̀, ó gbá ẹ̀rín. “Alágbádá, ẹ kò mọ̀ ọ́n pè. Ta ni yóò dúró gbọ́ gbogbo ìyẹn? Ẹ ké e kúkúrú: Ìgèdè kan! Ìgèdè kan!”

“Ìgèdè... kan.”

“Ẹ fi ikùn ké e, bàbá!”

“Ìgèdè kan! Ìgèdè kan! Ó ń lọ báyìí!”

Irọ́ tí gbogbo apèrò ń kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn, Olóyè sì mọ̀ ọ́n láìsí olùkọ́. Ènìyàn mẹ́ta wọlé, wọ́n dúró títí, méjì bínú sọ̀ kalẹ̀. Mẹ́rin tún wọlé. “Ẹ má lọ o,” ni Olóyè ń bẹ̀ wọ́n, òógùn ti mú agbádá lẹ̀ mọ́ ọn lára, “ẹnìkan péré ló kù!” Méjìlá ló kù.

Ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kí á padà sí pápá.

Nígbà tí Olóyè ṣì ń wá ọ̀kadà ní Fájuyì, aago mẹ́wàá ààbọ̀ lù ní pápá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú àpò Olóyè, kí ẹnikẹ́ni má ba à sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ dìde. “Ìwé ni mo kọ pé kí ẹ kọ́ àwọn aṣíwájú ìlú. Wọ́n dà?”

Ènìyàn mẹ́tàdínlógún dìde. Olúwọlé ń fi ojú sọ fún wọn láti ẹ̀yìn pé oyè, oyè, ẹ ké oyè! Khadeejah wo ọ̀run, ó rí ìkùukùu dúdú tí ó rọ̀ sórí òkè. Ó rántí pé ọ̀la ni Ìṣẹ́gun. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀rọ, àwọn tí ó wà ní ìpẹ̀kun pápá sì gbọ́ ọ ketekete. Ìdí tí Olóyè fi kọ́ wọn ní ohùn nìyẹn, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

“Bàbá àgbẹ̀ kan dé gáréèjì ní aago mẹ́fà ààbọ̀, mọ́tò gbéra ní aago mẹ́wàá. Ìsìnkú àbúrò rẹ̀ ni ó ń lọ. Wọ́n ti bo sàréè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dé ní aago mẹ́fà, mọ́tò gbéra ní aago mẹ́sàn-án. Ìdánwò ni ó ń lọ. Wọn kò jẹ́ kí ó wọlé. Obìnrin kan gbé agbọ̀n tòmátì méjì dé...”

“Gbé ìwé náà wá kí n rí i,” ni Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ wí. Ó gba ìwé, ó gbé gíláàsì sójú, ó kà á sókè: “Ìyá Bísí, àyà méjìlélógójì, ìbàdí àádọ́ta...”

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ohùn ìyá kan jáde láti ẹ̀yìn: “Ẹ dákun, mà, ojú ewé kejì ni! Ẹ má tú àṣírí mi!”

Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí ojú ewé ọ̀tún, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó kà á dé ìsàlẹ̀. “Ta ni Nọ́fíù tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀márùn-ún?”

“Ọkọ mi ni, mà. Ó ku ojú kan. Ní ìgbà karùn-ún, bọ́ọ̀sì gbé wa dé Ìyìn, wọ́n dá wa padà nítorí àga kan tí ó ṣófo.”

Akínbọ́lá jáde, ó fi ìwé ìlélẹ́nu-iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ ní kí wọ́n mú òfin náà wá. Olúwọlé mú un wá tayọ̀tayọ̀, ó ti fi gíláàsì sí i láti fi ṣe ọ̀ṣọ́ ayẹyẹ. Obìnrin náà ka òfin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ka òǹtẹ̀, ó sì gbé ojú sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Akọ̀wé, níbo ni Alága yín wà báyìí?”

“Wọ́n wà nínú bọ́ọ̀sì, mà.”

“Kí ni bọ́ọ̀sì náà ń ṣe?”

Olúwọlé wo àwọn mẹ́tàdínlógún tí ó yẹ kí wọ́n wà nínú rẹ̀, ó ṣírò ó. “Ó ń... ó ń dúró kí ó kún, mà.”

Ẹ̀yin ará, mo ti gbọ́ ẹ̀rín rí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí ó jáde ní pápá Ìgèdè ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ní àwọn ará Ìyìn béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyáàfin Morẹ́nikẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó kọ ìwé méjì. Nínú èkíní, ó ní kí iṣẹ́ Akínbọ́lá padà sí i lọ́wọ́, kí bọ́ọ̀sì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa ná ọ̀nà láti ọ̀la, kí wọ́n sì máa gbéra lórí agogo, bí wọ́n kún, bí wọ́n ṣófo. Àwọn mẹ́tàdínlógún yóò máa kọ ìwé wọn lọ, kí wọ́n máa mú un wá fún òun lóṣooṣù. Ìwé kejì, ó fi sílẹ̀ fún Olóyè.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni bọ́ọ̀sì kún ní Fájuyì. Abdulafeez dìde dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oyè méje, nítorí òfin ni òfin. “Bàbá Táyà, Ọkọ Ẹ́ńjìnnì...”

Aláta nì kígbe láti ẹ̀yìn: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Táyà náà sinmi, ká máa lọ! Ta ni ó tilẹ̀ ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Olóyè wo ilẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé rẹ̀, kò dáhùn sí orúkọ ara rẹ̀.

Ó dé pápá kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ó ti fẹ́. Ó dé kẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ti ń ká àgọ́, wọ́n ti ń to àga lé ara wọn. Ẹnìkan ṣoṣo tí ó dìde fún un ni Olúwọlé, òun náà kàn dìde kí wọ́n lè gbé àga tí ó jókòó lé lọ ni. Ó na ìwé sí i. Wọ́n ti dá Olóyè dúró. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Kí ó fi àwọn ohun ìjọba tí ó kù lé wọn lọ́wọ́ ní Adó, ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ọ̀la.

Olóyè béèrè ohun kan péré. “Ta ni ó wá jókòó síwájú?”

“Khadeejah aránṣọ ni, sà.”

Ó sùn ní ilé baba rẹ̀ ní Ìgèdè. Ní òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun, bọ́ọ̀sì dúró ní gáréèjì, Akínbọ́lá wà nídìí ìdarí rẹ̀. Èrò mọ́kànlá ló wọlé, Nọ́fíù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó fi aṣọ bo ojú. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú kan ni agbádá funfun kan yọ ní òkèèrè. Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ó ń gbọn ọwọ́ sọ́tùn-ún, ó ń gbọn ọwọ́ sósì, nítorí ẹsẹ̀ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ bí a ṣe ń dé kẹ́yìn kò lè kọ́ ìyára ní òru kan. Ó rò pé wọn yóò dúró.

Agogo lù. Akínbọ́lá ṣáná sí mọ́tò, ó sì gbéra.

Nọ́fíù gbọ́ ariwo kan lẹ́yìn. Ó ní, “Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń pe bọ́ọ̀sì.”

Khadeejah wo ẹ̀yìn, ó sì tún wo ọkọ rẹ̀. “Àga kan tí ó ṣófo ni,” ni ó wí. “Ẹ jẹ́ kí á máa lọ.”

Aago méje kò tíì lù tí wọ́n fi dé. Nọ́ńbà kẹta ni wọ́n fún un. Òjò ńlá rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Nọ́fíù sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń wo bí ó ti ń rọ̀.

Ìtàn mi dé ibi tí ó ń lọ, ó sì dé lásìkò. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó gbọ́ mi, ilé yín kò ní ṣófo, àyè rere kò sì ní dí mọ́ yín. Àwọn ọmọ yín yóò jáde nílé ní òwúrọ̀, wọn yóò bá ohun rere tí wọ́n ń lọ bá, kò ní tán kí wọ́n tó dé. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ, ọ̀nà yóò dá wọn padà fún yín pẹ̀lú ojú méjèèjì tí wọ́n fi jáde. Àṣẹ.